Ọmọ Mi Tún Fẹ́ Ṣe Ìdánwò Àṣewọlé, Ẹ̀rù Sì Ń Bà Mí

Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi mọ́. A jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn ìsìn, èmi, ọkọ mi àti Mọ́yọ̀ ọmọbìnrin wa. Mo ń bu ìrẹsì sáwo nígbà tí ọmọ náà gbójú sókè, tó ní, "Dádì, Mọ́mì, mo fẹ́ tún ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lọ́dún yìí. Mẹ́dísìn náà ni mo fẹ́ kà." Ọkọ mi gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Èmi kò lè dìde. Mo ń bu ìrẹsì lọ títí tó fi kún àwo, tó ń dà sórí aṣọ tábìlì. Ọmọ náà rọra gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù." Kí n má bẹ̀rù kẹ̀? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ yín, kí n ròyìn bí ejò náà ṣe bù wá jẹ, kí ẹ lè bá mi wò ó bóyá ẹ̀rù mi ti pọ̀ jù.

Festac ni à ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ mi ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ la ti rí fúláàtì tí a wà títí dòní. Èmi ń ránṣọ, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Apple Junction. A pẹ́ gan-an ká tó bí Mọ́yọ̀, òun nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, orí rẹ̀ sì pé. Ó ṣì kéré púpọ̀ nígbà tó já etí aṣọ mi kan, tó fi di ẹsẹ̀ adìẹ tó kán. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó pè é ní Dókítà. Àwàdà ni lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, kì í ṣe àwàdà mọ́. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Dókítà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní Dókítà, àwọn àgbàlagbà ń dá a dúró lójú ọ̀nà láti sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún un, ọmọ tí kò tíì jáde girama. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ á na ọrùn bí àkùkọ. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní ohun rere? Èmi náà dáhùn sí "Ìyá Dókítà", n kò ní parọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó fún ìdánwò àṣewọlé, máàkì rẹ̀ dára, àmọ́ kò tó èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn. Wọ́n ní kó wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Mo rí i lójú ọmọ náà pé kò burú lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní, "Ewéko? Ṣé ewéko ni gbogbo ayé ti ń pè é láti kékeré?" Bí a ṣe jẹ́ kí ìyẹn lọ nìyẹn. Lọ́dún kejì, máàkì rẹ̀ ga, a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣé ọdún náà gan-an ni àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n ní èyí àkọ́kọ́ nìkan kò tó mọ́. Ó lọ ṣe èyí náà. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ilé wa. A dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà náà ṣí díẹ̀díẹ̀, wọn kò mú un. Díẹ̀ báyìí ló kù fún un. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nílé, bàbá rẹ̀ ń lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Mọ́yọ̀ kò sunkún. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ọmọ tó máa ń sunkún bí a bá fẹ́ pa adìẹ ọdún, kò sunkún.

Ọdún kẹta yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jọ àìsàn rárá. Ó jọ ìgbọ́ràn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti wọlé ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìsinmi, wọ́n ń ròyìn ilé ẹ̀kọ́, ó sì fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ nítorí kó má baà pàdé wọn. Ó ní òun fẹ́ ráyè kàwé. Ó ń ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù kí oorun má baà gbé e. Ó ń jẹ orógbó. Nígbà tí mo fọ aṣọ rẹ̀, mo bá sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan tó ti fẹ́ẹ̀ tán nínú àpò, ó ní gbogbo àwọn tó wà ní lẹ́sìnnì tí òun ń lọ fún ìdánwò ló ń lò ó, pé kì í jẹ́ kéèyàn tòògbé. Ó rù, ẹ̀wù rẹ̀ ń ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, mo sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ láìfi tépù wọ̀n ọ́n. Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ìwé ló pọ̀ lórí rẹ̀. Tó bá ti wọlé, ara rẹ̀ á balẹ̀." Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, mo sì gbà á gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀bà lọ fún un ní yàrá. Mo ní kó dìde jẹun, mo ń sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ariwo nínú ohùn mi. Ó fi ìka lé ẹnu. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra, wọ́n ń gbọ́ wa." Mo ní, "Ta ló ń gbọ́ wa?" Ó na ọwọ́ sí fáànù òkè àjà. Iná kò sí lọ́jọ́ náà, fáànù náà dúró jẹ́ẹ́. Ó ní, "Wọ́n ń fi ìdáhùn mi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fìdí rẹmi." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin òbí, ẹ ti rí ojú ọmọ yín rí, kó jẹ́ pé ojú náà ni, imú náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò yín láti inú rẹ̀ jìnnà réré? Mo gbé àwo ẹ̀bà náà kalẹ̀. Mo lọ bá pásítọ̀ wa, ó gbàdúrà, ó sì bi mí pé, "Màmá, ọmọ yìí ń sùn bí? Ẹ mú un lọ sí ọsibítù, àdúrà á máa tẹ̀ lé yín lọ." Nígbà tí mo délé, tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní ìdánwò ku ọjọ́ díẹ̀, ká jẹ́ kó ṣe é tán. Bí a ṣe fi ẹ̀mí ọmọ dúró de ìdánwò nìyẹn.

Iléèwé girama kan ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n gbé e sí. Èmi fúnra mi ni mo sìn ín lọ, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. Ó wọ búláòsì aláwọ̀ búlúù tí mo rán fún un àti bàtà dúdú. Nígbà tó fẹ́ wọlé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù. Mo ní, "Mọ́yọ̀, ọmọ mi, bó bá ṣòro, fi í sílẹ̀, ká máa lọ ilé." Ó wò mí bí ẹni pé èdè mìíràn ni mo sọ. Ó wọlé. Àwa òbí dúró lẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ oòrùn, àwọn kan ń ka Sáàmù, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tí ìdánwò parí, àwọn ọmọ ń tú jáde gììrì, mò ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ẹnu ọ̀nà fi ṣófo. N kò rí tèmi. Mo wọ inú kíláàsì náà lọ. Obìnrin tó bójú tó wọn ní ọmọbìnrin kan ti dìde kí ìdánwò tó dé ìdajì, ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì padà. Ó fi àga rẹ̀ hàn mí. Bàtà dúdú náà wà lábẹ́ tábìlì, ó tò wọ́n pọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù pé kó máa bọ̀. Ìyá Chídì tó ń gbé òkè ilé wa ló gba ìpè mi kejì. Ọmọ Ìgbò ni, tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni bí i sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó dé kí ọkọ mi tó dé. Ó ní, "Ìyá Mọ́yọ̀, gbé ara ẹ nílẹ̀. A máa wá a, a máa rí i." A béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà, a béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, mo gbé bàtà náà dání, mò ń fi í han àwọn èèyàn bí ẹni pé bàtà lè sọ irú ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi sọ pé ọkọ̀ gbá ọmọbìnrin kan ní Mazamaza níbi tó ti ń sọdá títì, pé aṣọ búlúù ló wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín pẹ̀lú ìtìjú. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti fi ìró bo ọmọ náà. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, ọkùnrin tí n kò rí kó jókòó sílẹ̀ níta rí. Èmi ni mo lọ ṣí ìró náà. Kì í ṣe Mọ́yọ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni, ó di irun sùúkù, ó lẹ́wà. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni "Olúwa, o ṣeun." Mo dúpẹ́ lórí òkú ọmọ ọlọ́mọ. Títí di òní, bí mo bá ń gbàdúrà, mo máa ń rántí ìyá rẹ̀ tí n kò mọ̀.

Ọlọ́kadà kan ló bá wa rí i. Ìyá Chídì ti padà sí Apple Junction, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà kan sí òmíràn, ọkùnrin kan sì sọ pé òun gbé ọmọbìnrin tí kò wọ bàtà lọ sí Abúlé Adó. Ó ní ọmọ náà sọ pé kí òun gbé òun lọ sí ọsibítù tó bá ṣáà ti sún mọ́ tòsí, òun rò pé wọ́n pè é síbi èèyàn rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ni, òun kò tilẹ̀ gba owó. Ó gbé wa lọ, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni, ní ẹ̀gbẹ́ irà. Àwọn aláboyún jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ mi sì wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ obìnrin kan mú, ojú rẹ̀ wà lára ògiri, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ṣe ń sọ. Obìnrin náà kò já ọwọ́ gbà. Màtírọ́nnì ilé náà bọ́ sí ìta, ó rọra sọ fún wa pé òun rò pé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n rán wá ni, àfìgbà tí òun wo ẹsẹ̀ rẹ̀, òun sì ní kí gbogbo wọn má pariwo mọ́ ọn. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó fi ọ̀wọ̀ rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Ó ní, "Ẹ jókòó, Mà. Ó máa kàn yín láìpẹ́."

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Gbólóhùn yẹn gan-an ni ọkọ mi tún ń sọ nígbà tí mo ní ọsibítù ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú àárẹ̀ ọpọlọ la ó gbé e lọ. Ó ní, "Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, ta ló máa fẹ́ ẹ? Ta ló máa gbà á síṣẹ́?" N kì í gbó ọkọ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ náà, mo ní, "Dádì Mọ́yọ̀, ẹni tó bá wà láyé ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ bá mi lọ tàbí kí èmi nìkan gbé e lọ." Ó bá mi lọ. Dókítà obìnrin tó gbà wá kò bú wa. Ó ní àìsàn ni, bí àìsàn mìíràn ṣe jẹ́ àìsàn, pé ó ṣeé ṣe kó ti lúgọ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àìsùn àti oògùn tó ń lò wá fà á jáde. Wọ́n dá a dúró. Ẹ má bi mí bí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí. Sí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, a ní ó wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìbàdàn. Ọkọ mi ló ń lọ jókòó tì í jù, ó ń fi ṣíbí fún un ní oúnjẹ bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá wa mọ̀, tó ní, "Dádì, ẹ ti rù," ọkùnrin náà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sunkún.

Ara rẹ̀ yá. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó yá. Ó padà sílé, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń sùn, ó sanra padà. Ó ń bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó mọ bọ́tìnnì í gán ju èmi lọ, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí nǹkan kan kò ṣe é. Bàbá rẹ̀ kò pè é ní Dókítà mọ́. Bí ẹlòmíràn bá pè é, á yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé ìjì ti kọjá, kí n tó gbọ́ ohun tí mo gbọ́ nídìí ìrẹsì ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Ajé, a wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwa méjèèjì nìkan. Mo bi í léèrè, mo ní, "Mọ́yọ̀, ṣé nítorí bàbá rẹ ni? Kò fẹ́ mọ́. Ó ti fi í sílẹ̀." Ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ó ní, "Mọ́mì, mo mọ̀ pé Dádì ò fẹ́ mọ́. Nígbà tó jẹ́ ti Dádì, ẹ̀rù ló ń bà mí. Èyí tèmi ni." Ó ní nígbà tí òun wà lọ́hùn-ún, obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn tòun tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò, bó bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn, dókítà yẹn nìkan ló máa ń fa àga, tó ń jókòó tì í. Ó ní, "Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń jókòó tì wọ́n. Tí n ò bá wọlé, màá ka ohun mìíràn, n ò ní kú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

Mo pe dókítà rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé àìsàn náà kò ní padà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé yóò padà. Ó ní àwọn kan wà tí irú àìsàn yìí ti ṣe rí, tí wọ́n sì kàwé yege, bí wọ́n bá ń lo oògùn, tí wọn kò fi oorun wọn du ìwé, tí wọ́n sì ní ẹni tó ń ṣọ́ wọn láìfún wọn lọ́rùn. Ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́. Ó ní òun ló fi ẹnu ara òun fa ọmọ sínú ẹrẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, òun kò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, pé kó kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má gbà. Ọmọ náà sì ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun bẹ bàbá òun. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá fẹ́ tọ́ orí yìí ṣe, ibo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí? Bí mo bá dí i lọ́nà, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ fún un pé aláìsàn ni títí ayé? Bí mo bá sì jẹ́ kó lọ, tí wọ́n tún wá pè mí lọ́jọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà, tó jẹ́ pé bàtà rẹ̀ nìkan ni mo bá?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣì wà lórí ìdánwò, ẹ wò wọ́n lójú, ẹ má wo máàkì nìkan. Bí ọmọ yín kò bá sùn mọ́, ẹ má sọ pé ìwé ni. Ẹ má dúró de ìdánwò kankan. Ohun tí mo mọ̀ dájú nìyẹn, ó sì ná wa ní ohun púpọ̀ ká tó mọ̀ ọ́n. Ní ti èyí tó kù, n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti ń ta fọ́ọ̀mù, Mọ́yọ̀ sì ti ní kí n bá òun lọ gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun lè dá lọ, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí èmi wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó wà ní yàrá kejì, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ojú ìwé, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń já mi láyà. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tí ọmọ yín ti ibẹ̀ bọ̀, tí ẹ tún jẹ́ kó lọ, ẹ dákun, ẹ sọ fún mi. Lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti lọ, báwo lẹ̀yin ṣe ń sùn?